Sìgá Títà ní Ẹyọ Kọ̀ọ̀kan: Ohun tí Òfin Wí àti Ibi tí Ó ti Kan Ẹgbẹ́ Wa

 

Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, a sábà máa ń ṣàlàyé lórí owó ìfipamọ́, owó ẹ̀yáwó, èlé, àti bí ó ṣe yẹ kí akọ̀wé máa kọ ìwé owó. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ sìgá ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Ọ̀rọ̀ owó náà ni, ọ̀rọ̀ ilé wa sì ni pẹ̀lú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ kan tí a lọ yẹ ìwé ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní agbègbè Bàrígà wò, a bá ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wọn lórí ìjókòó. Ìyá kan tó ní ìsọ̀ kékeré lẹ́bàá ọ̀nà ti kọ̀wé béèrè owó láti fi kún ọjà rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́, ó to ohun tí yóò fi owó náà rà sínú ìwé: ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, bisikíìtì, ọṣẹ, mílíìkì, àti páálí sìgá méjì. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì ti fọwọ́ sí i. Láti ọdún mẹ́fà tí ìyá náà ti wọ ẹgbẹ́, kò pẹ́ san gbèsè rí.

Ibi tí wọ́n ka ìwé dé sìgá ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀, ní òun kò níí fọwọ́ sí i kí owó ẹgbẹ́ lọ sórí ohun tí ìjọba ti fòfin dè. Akápò ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní ìjọba kò fòfin de sìgá, nítorí pé àwọn tó ń ṣe é ń san owó orí fún ìjọba. Ìyá náà ní tirẹ̀ wí pé, “Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tó bá wá ra sìgá ẹyọ kan, òun náà ni yóò ra omi, òun náà ni yóò ra súìtì. Bí mo bá yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ, ìsọ̀ ẹnì kejì ni wọ́n máa lọ.” Nígbà tí ó pẹ́, alága kọjú sí wa, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ mọ òfin. Ẹ bá wa dá sí i.”

Kí á má purọ́, a kò lè dá sí i lọ́jọ́ náà. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni a mọ̀, a kò mọ òfin sìgá tó bẹ́ẹ̀. A ní kí wọ́n jẹ́ kí ìwé ìyá náà dúró di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, a sì ṣèlérí pé a ó wádìí. Ohun tí a rí ni a kọ sílẹ̀ yìí, kí ẹgbẹ́ mìíràn tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá já lé lọ́wọ́ lè rí ohun dì mú.

BÍ SÌGÁ ṢE DÉ ÀÁRÍN WA

Tábà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Àwọn baba wa fi ìkòkò mu ún, àwọn ìyá wa àgbà sì lọ̀ ọ́ ní aáṣà. Ṣùgbọ́n sìgá tí ẹ̀rọ ń wé ni ó sọ tábà di ohun tí ọmọ kékeré lè fi owó ìpanu rẹ̀ rà ní ìkóríta. Ní ọdún 1933 ni ilé iṣẹ́ sìgá bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, òmíràn sì tẹ̀ lé e ní Ìbàdàn ní ọdún 1937. Ní ọdún 1951 ni wọ́n dá Nigerian Tobacco Company sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Ìsẹ́yìn àti ní ìlú Òkè-Ògùn yòókù ni ó gbin ewé tábà tà fún wọn, wọ́n sì fi owó rẹ̀ kọ́lé, wọ́n fi rán ọmọ níléèwé. Ní ọdún 2001, ìjọba àpapọ̀ àti ilé iṣẹ́ British American Tobacco tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, nígbà tí ó sì di ọdún 2003, ilé iṣẹ́ tuntun ńlá ṣí ní Ìbàdàn.

A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn tó ń tà á tàbí tó ń gbìn ín jẹ́ ọ̀daràn. Ọjà tí wọ́n bá nílẹ̀ ni wọ́n ń ná. Àwa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pàápàá kò mọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣáájú wa ní ìlú Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn àkọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, ìyẹ̀fun, ṣúgà, bọ́tà àti àbẹ́là wà lára ọjà díẹ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi tíì àti tábà kún un. Ní ayé ìgbà náà, kò sí ẹni tó mọ ohun tí a mọ̀ lónìí. Ọdún 1950 ni àwọn olùṣèwádìí méjì, Richard Doll àti Austin Bradford Hill, gbé ìwádìí wọn jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó fi hàn pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá sọ pé òun kò mọ̀, àìfẹ́-mọ̀ ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù méje ènìyàn tí tábà ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé ó lé ní mílíọ̀nù kan nínú wọn tí kò mu sìgá fúnra wọn rárá. Èéfín ẹlòmíràn ni wọ́n fà símú. Nínú àwọn tó ń mu ún tí wọn kò sì jáwọ́, ó lè tó ìdajì tí yóò ti ipa rẹ̀ kú. Jẹjẹrẹ nìkan kọ́. Àrùn ọkàn wà níbẹ̀, rọpárọsẹ̀ wà níbẹ̀, àti ikọ́ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gun àtẹ̀gùn láìsinmi.

Ní ilẹ̀ wa, ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe ní ọdún 2012 láàárín àwọn tó ti pé ọdún 15 sókè fi hàn pé nínú 1,000 ènìyàn, 56 ni ó ń lo tábà. Nínú 1,000 ọkùnrin, ó tó 100. Nínú 1,000 obìnrin, 11. Àwọn kan ń wí pé èyí kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbógun ti tábà ń dáhùn pé ohun tó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ọlọ́jà tó bá rí ìlú tí ọ̀dọ́ pọ̀ sí, tí àwọn tó ń ra ọjà rẹ̀ kò tíì pọ̀, ibẹ̀ ni yóò gbé àtẹ rẹ̀ lọ.

Ẹ sì wo bí Ṣómólú àti Bàrígà ti rí. Ilé fara kan ilé, yàrá kọjú sí yàrá, fèrèsé ẹnì kan sì ni ẹnu ọ̀nà ẹnì kejì. Bí bàbá kan bá mu sìgá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ yàrá mẹ́fà ni yóò bá a mu ún. Ní Ṣómólú tí gbogbo Èkó mọ̀ sí ìlú àwọn atẹ̀wé, bébà, ìǹkì àti kẹ́míkà tí a fi ń fọ ẹ̀rọ ló kún inú ṣọ́ọ̀bù. Iná sìgá kan tí a kò tẹ̀ pa dáadáa lè jó iṣẹ́ ogún ọdún run ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn sì rèé, owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni wọ́n fi rà wọ́n.

ÒFIN TÓ WÀ NÍLẸ̀

Òfin lórí sìgá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1990, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, ìjọba ológun ṣe òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá mọ́ ní ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ilé sinimá, pápá ìṣeré àti inú ọkọ̀ èrò. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ẹni tó rí i kí wọ́n mú ènìyàn lórí rẹ̀.

Ní ọdún 2003, àwọn orílẹ̀-èdè ayé pawọ́ pọ̀ ṣe àdéhùn kan lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé láti dá tábà lẹ́kun. Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní ọdún 2004, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọdún 2005. Lẹ́yìn èyí ni ó kù kí a sọ àdéhùn náà di òfin nílé. Ẹni tó gbé àbá òfin náà wá síwájú Ilé Aṣòfin Àgbà ni Sẹ́nétọ̀ Olọ́runnímbẹ̀ Mámórà, oníṣègùn tó ń ṣojú ìlà-oòrùn Èkó nígbà náà. Ṣómólú àti Bàrígà wà lára agbègbè tó rán an níṣẹ́. Ilé Aṣòfin fọwọ́ sí i ní ọdún 2011, ṣùgbọ́n kò rí ìfọwọ́sí ààrẹ gbà. Odidi ọdún mẹ́rin ni a tún fi dúró. Oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan tó fọwọ́ sí Òfin Ìdarí Tábà, bí ó ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láti kúrò lórí oyè. Ọdún 2019 ni ìlànà tó ṣàlàyé bí a óò ṣe mú òfin náà ṣẹ tó jáde, ọdún 2021 sì ni àwòrán ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára pákẹ́ẹ̀tì.

Ìpínlẹ̀ Èkó kò dúró de Àbújá. Ní ọdún 2014, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin ìpínlẹ̀ tó de sìgá mímu ní ilé ìkàwé, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ibi ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́, ilé oúnjẹ àti ọkọ̀ èrò. Ó ní kí onílé irú ibẹ̀ gbé àmì ìkìlọ̀ kọ́, ó sì la owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ fún ẹni tó bá rú u.

Ní báyìí, kí ni ìdáhùn fún ìgbìmọ̀ Bàrígà? Apá kan òtítọ́ wà lọ́wọ́ tíṣà, apá kan sì wà lọ́wọ́ akápò. Òfin 2015 kò ní kí a má ta sìgá. Ohun tí ó wí nìyí:

Ìkíní, a kò gbọdọ̀ tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. A kò sì gbọdọ̀ rán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tà á.

Ìkejì, a kò gbọdọ̀ tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Odidi pákẹ́ẹ̀tì tí ẹyọ inú rẹ̀ kò dín ní 20 ni kí a tà.

Ìkẹta, a kò gbọdọ̀ polówó rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ sìgá láti bá wọn polówó.

Ìkẹrin, ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán ìdajì ojú pákẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ta ni ó ń ra odidi pákẹ́ẹ̀tì ní ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà ní Bàrígà? Ẹyọ kan, ẹyọ méjì ni. Nítorí náà, bí òfin kò tilẹ̀ lé ìyá wa kúrò nídìí ọjà sìgá, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ń gbà tà á ni òfin dí. Ìdí tí wọ́n sì fi dí i yé ni. Ọmọ iléèwé kò lówó odidi pákẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó lówó ẹyọ kan. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan kò rí ìkìlọ̀ tó wà lára pákẹ́ẹ̀tì. Àgbègbè tí CMS Grammar School wà, ilé ẹ̀kọ́ girama tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1859, tó sì tún jẹ́ aládùúgbò Yunifásítì Èkó ní Akọka, a kò lè sọ pé ọmọ iléèwé kì í kọjá níwájú ìsọ̀ wa.

OHUN TÍ ÀWỌN TÓ Ń GBÓGUN TI TÁBÀ Ń BÉÈRÈ

Nílùú Èkó níhìn-ín, àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó ti pẹ́ lẹ́nu ìjà yìí. Environmental Rights Action ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí àbá òfin kò tíì dé Ilé Aṣòfin. Nigeria Tobacco Control Alliance kó àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké jọ. CAPPA, tí Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé Olúwafẹ́mi ń darí, wà lára wọn pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n ń sọ ní gbangba láti ọdún yìí wá pọ̀, ṣùgbọ́n a lè kó o jọ sí mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni ìmúṣẹ òfin. Wọ́n ní òfin tí a kò mú ṣẹ dà bí ajá tí kò léyín. Olè pàápàá yóò fọwọ́ pa á lórí. Òfin 2015 dá àpò owó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìdarí tábà, wọ́n sì ń ké sí ìjọba pé kí ó fi owó gidi sínú àpò náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè jáde lọ sí ọjà àti ilé ìgbafẹ́.

Èkejì ni owó orí. Ní ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fi N1 lé ẹyọ sìgá kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Ó di N2 ní 2019, ó sì di N2.90 ní 2020. Bẹ́ẹ̀ ni àjọ ECOWAS ti là á sílẹ̀ láti ọdún 2017 pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gba ó kéré tán ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó sì tún fi ó kéré tán sẹ́ǹtì méjì owó dọ́là lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ajàfún-ìlera ní kí tiwa gòkè dé ibẹ̀. Ìdí wọn ni pé, ní àwọn ìlú tí kò lówó púpọ̀, bí owó sìgá bá fi ìdá 10 gòkè, mímu rẹ̀ a máa fi bí ìdá 5 wálẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ni ó sì máa ń kọ́kọ́ jáwọ́.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ilé iṣẹ́ sìgá má ṣe jókòó síbi tí a ti ń ṣe òfin sìgá. Wọ́n ní a kì í fi ẹran sọ́wọ́ ajá kí a ní kí ó ṣọ́ ọ. Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní ọdún 2007, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pe àwọn ilé iṣẹ́ sìgá lẹ́jọ́ pé kí wọ́n san owó ìtọ́jú àwọn tí sìgá sọ di aláìsàn; ìjọba àpapọ̀ náà pè wọ́n lẹ́jọ́ lọ́dún yẹn kan náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, kéde pé British American Tobacco gbà láti san mílíọ̀nù 110 dọ́là owó ìtanràn lẹ́yìn ìwádìí tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2020.

Ẹ̀kẹrin ni ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́. Sìgá mímu kì í ṣe ìwà burúkú lásán. Oògùn inú tábà a máa de ènìyàn mọ́lẹ̀. Ẹni tó ti mu ún fún ogún ọdún kò lè fi ìbínú ọjọ́ kan kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó fẹ́ dókítà, ó fẹ́ ẹbí, ó fẹ́ sùúrù. Ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kì í pẹ́ dé: láàárín ọdún kan tí ènìyàn bá jáwọ́, ewu àrùn ọkàn tí sìgá ń fà á dín sí nǹkan bí ìdajì.

ṢÉ A LÈ FÒPIN SÍ I PÁTÁPÁTÁ?

Àwọn kan nínú wọn kò fẹ́ kí á dúró lórí ìdínkù. Wọ́n ní kí a fi ọjọ́ kan sí iwájú tí tábà yóò kásẹ̀ ńlẹ̀ pátápátá. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti gbìyànjú èyí, ó sì dára kí á kọ́gbọ́n lára wọn.

Ní ọdún 2004, Bhutan, orílẹ̀-èdè kékeré kan láàárín Íńdíà àti Ṣáínà, fòfin de tábà títà pátápátá. Ṣùgbọ́n Íńdíà wà ní ìtòsí, fàyàwọ́ sì gba ojú ọ̀nà. Ní ọdún 2021, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, ìjọba wọn tún fàyè gba títà rẹ̀. Nílẹ̀ New Zealand, wọ́n ṣe òfin ní ìparí ọdún 2022 pé ẹni tí a bá bí láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2009 kò níí rí sìgá rà títí ayé rẹ̀, àti pé ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á yóò dín láti nǹkan bí 6,000 sí 600. Ìjọba yí padà, wọ́n sì fagi lé òfin náà ní ọdún 2024 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn erékùṣù Maldives mú irú rẹ̀ lò láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2025: ẹni tí a bá bí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2007 kò gbọdọ̀ ra tábà.

Ohun tí àwa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òfin tó bá lé ọjà kúrò lójú gbangba nígbà tí ẹnubodè ṣí sílẹ̀, inú òkùnkùn ni yóò lé e lọ. Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ohun kejì ni pé òfin tí kò bá fìdí múlẹ̀ lọ́kàn àwọn ará ìlú, ìjọba tó bá dé lẹ́yìn lè fi ọwọ́ kan pa á rẹ́. Àwọn àgbà sọ pé ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko. Ìfẹ̀sọ̀ṣe yàtọ̀ sí àìṣe o. Láti ọdún 1990 di òní kì í ṣe ìgbà kékeré.

IBI TÍ Ó TI KAN ẸGBẸ́

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dúró síbi méjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé wa ni owó sìgá ti ń jáde, ìsọ̀ wa ni ó sì ń wọlé sí. Nítorí náà, ó yẹ kí á ṣírò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tó ń ná N300 lórí sìgá lójoojúmọ́. Lóṣù, N9,000 nìyẹn. Lọ́dún, N109,500. Lọ́dún márùn-ún, N547,500, láìka èlé. Nínú ẹgbẹ́ tó ń yáni ní ìlọ́po méjì owó tí a fi pamọ́, owó sìgá ọdún kan ṣoṣo ìbá fún ẹni yìí láàyè láti yá N219,000. Àìmọye ìgbà ni a ti jókòó ti ọmọ ẹgbẹ́ tó ní òun kò rí owó oṣù dá, tí sìgá sì wà ní àpò ẹ̀wù rẹ̀ bí ó ti ń bá wa sọ̀rọ̀. A kò sọ ọ́ láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ohun tí a kò bá ṣírò, a kì í mọ̀ pé ó pọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ni ti onísọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá yá ènìyàn lówó láti ra ọjà tí òfin dí ọ̀nà títà rẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ìjọba sì dé lọ́jọ́ kan tó gbẹ́sẹ̀ lé e, ta ni yóò san gbèsè? Àwọn onídùúró ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ gbèsè bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ọrùn onídùúró ni àjàgà ń bọ́ sí. Nítorí èyí, ìmọ̀ràn wa gẹ́gẹ́ bí ayẹ̀wéwò ni pé kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó má ṣe fi owó ẹgbẹ́ sórí sìgá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí lé onísọ̀ padà lọ́wọ́ òfo. Kí wọ́n bá a jókòó, kí wọ́n bá a wá ọjà mìíràn tí yóò dípò rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní àkókò tó láti san owó náà. Òfin lè sọ pé má ta á. Ẹgbẹ́ ni ó lè sọ pé gba èyí, kí o tà á dípò rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ohun díẹ̀ wà tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹnu kò pé a kì í mu sìgá níbi ìpàdé, kí wọ́n sì gbé àmì kọ́ sára ògiri; àwọn atẹ̀wé Ṣómólú lè tẹ̀ ẹ́ fún wa ní ìdajì ọjọ́. Kí á má rán ọmọ wa lọ ra sìgá mọ́, ì báà ṣe fún àlejò. Kí àwọn atẹ̀wé sọ ọ́ di òfin ṣọ́ọ̀bù pé ẹni tó bá fẹ́ mu ún yóò jáde síta, jìnnà sí bébà àti kẹ́míkà. Kí a sì ya ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìrántí láti kọ tábà, sọ́tọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ọdún. Ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú àwùjọ wà lára àwọn ìlànà méje tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 1995. Kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì ni a ń rán ara wa.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìyá náà ṣe parí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, a sọ ohun tí a rí fún wọn. Wọ́n yá a ní gbogbo owó tí ó béèrè, ṣùgbọ́n wọ́n fi búrẹ́dì, ẹ̀pà àti káàdì ìpè rọ́pò páálí sìgá méjèèjì. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì fi pamọ́ fún wa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí a padà lọ yẹ ìwé wọn wò, ó ti san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìpẹ́ ọjọ́. A yà sí ìsọ̀ rẹ̀ kí a tó lọ. Ó ní ọjà kò tà lóṣù àkọ́kọ́, pé àwọn oníbàárà kan kò tíì padà wá. Búrẹ́dì àti ẹ̀pà ni ó ń gbé e ró. Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ sí ìsọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń fi ìṣáná sí ẹyọ sìgá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ó ní, “Ọ̀gá, èmi ti gbọ́ tiyín. Ṣé wọ́n máa lọ sọ fún wọn níbẹ̀ náà?”

Ìbéèrè náà tọ́. Òfin tó mú ẹnì kan tó fi ẹnì kejì sílẹ̀, ẹni tó gbọ́ràn ni ó ń fìyà jẹ. Nítorí náà, a rọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Ṣómólú àti Bàrígà kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí sí iwájú ìpàdé gbogbogbòò wọn, kí wọ́n sì fi ìpinnu wọn ránṣẹ́ sí àpapọ̀ ẹgbẹ́. Bí ohùn wa bá ṣọ̀kan, a lè sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìmúṣẹ òfin náà láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ àti àwọn alágbàtà ńlá, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ onísọ̀, kí wọ́n sì mú gbogbo ìsọ̀ ní dọ́gba-n-dọ́gba.